Àsíá Àwọ̀ Ewé

Ráfátù ló gbé e dé, ó dì í sínú fìlà bàbá rẹ̀,
ó ní àwọn ọmọ ẹ̀yìn téṣàn ló fẹ́ sọ ọ́ lókò pa.
"Bàbá, ẹ̀yin lẹ kì í lé nǹkan."
Mo yọjú wo inú fìlà: ọ̀gà ni,
ó dúdú bí ìdí ìkòkò,
ojú rẹ̀ kan ti wọnú, èkejì ń wá mi kiri.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ju àsíá ní rélùwéè Òṣogbo.
Pupa: dúró.
Àwọ̀ ewé: máa bọ̀.
Mo mọ ohun tí àwọ̀ ń sọ.
Èyí tó wà lára ẹ̀dá yìí, wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ wa.

Dókítà ẹran l'Òkè-Fìà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.
"Màlúù ni mo mọ̀, Bàbá. Ajá. Adìyẹ tó ń húkọ́.
Èyí, ẹ jẹ́ ká jọ kọ́ ọ."
Ó rọra tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀: eegun ti rọ̀
bí ìgbálẹ̀ tó sùn sínú omi;
ẹnu wú lápá òsì, oúnjẹ kò gba ibẹ̀ kọjá.
Ó ní oòrùn àárọ̀. Ó ní èèpo ẹyin, ká gún un kúnná.
Ó ní omi, àmọ́ ní kíkán ni, lórí ewé,
nítorí ọ̀gà kì í ka omi tó dúró jẹ́ẹ́ sí omi.
Mo ní orúnkún tèmi náà ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.
Mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn rán ilé fún un lábẹ́ máńgòrò,
mo ń fi sírínjì tí kò lẹ́nu kán omi,
mo ń kà á, mo ń ka èyí tó gbé mì.
Ráfátù ń mú tata lójú irin,
níbi tí koríko ti gbé rélùwéè jẹ,
a sì ń bu ìyẹ̀fun ẹyin lé tata lórí
bí ẹni ń kun àtíkè fún ìyàwó tí kò ní dé ilé ọkọ.

Ìyá Sàbítíù dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.
"Ohun tí wọ́n ń sá gbẹ lẹ̀ ń fún lóúnjẹ?
Ẹ gbé e fún lékulèja, kó fún yín lówó gààrí."
Mo ní èmi náà ti gbẹ,
ẹnikẹ́ni ò tíì gbé mi sórí àtẹ.

Wọ́n ní agẹmọ bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀jó kù sọ́wọ́ ọmọ agẹmọ.
Ta ló kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ọmọ náà?
Èyí gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń mì,
ó rò ó,
ó tún un rò,
ó dá a padà síbi tó ti gbé e.
Ìdajì ọjọ́ la fi rin ẹ̀ka kan.
Kò sẹ́ni tó ń lé wa. Owó ìfẹ̀yìntì mi pàápàá, ìrìn rẹ̀ nìyẹn.

Lóru ọjọ́ tí ọyẹ́ mú jù, iná lọ.
Mo fi àkísà di ìgò omi gbígbóná, mo fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́,
mo jókòó bí mo ṣe ń jókòó de ọkọ̀ Kánò
tó ti fi wákàtí mẹ́sàn-án pẹ́.
Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì, ara rẹ̀ funfun bí eérú.
Mo ké pe Ráfátù. Mo ké pe Ọlọ́run.
Oorun ló ń sùn.
Ta ló mọ̀ pé oorun náà ní àwọ̀?

Láàárọ̀ yìí, oòrùn gun òrùlé páànù tó ti pọ́n.
Ewé díẹ̀ yọ lọ́rùn rẹ̀, ó rá kò lọ sí ìhà rẹ̀.
Ahọ́n jáde, ó tàsé.
Ó tún jáde.
Tata kan ò sí mọ́.

Ẹnu ṣì wú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún kò ní tọ́ mọ́, dókítà ti sọ.
Ráfátù ń bi mí ọjọ́ tá a máa dá a padà sígbó etí odò Ọ̀ṣun.
N kò dá a lóhùn. Orúnkún mi ké, mo dìde,
ọwọ́ ọ̀tún mi gbéra fúnra rẹ̀ láìsí àsíá níbẹ̀.
Lẹ́yìn náà, èmi náà lọ wá tata.